A Gun Òkè Pittsburgh Pẹ̀lú Màmá

Nígbà tí àwọn tó ń bójú tó ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ibi tí ẹbí lè lọ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Ẹni tó ń ka owó olówó láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló mọ̀ nípa ìgbafẹ́? Ṣùgbọ́n ìyàwó mi rán mi létí ìrìn àjò kan tí a rìn ní oṣù Keje ọdún tó kọjá: èmi, òun, àwọn ọmọ wa méjèèjì, àti Màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ó ní, "Sọ ti ọkọ̀ tó gun òkè yẹn fún wọn." Ìyẹn náà ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí òkè ní Little Elm. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, àfi kó wa ọkọ̀ gba orí afárá gígùn tó la adágún Lewisville kọjá, kó tó sì wo ọ̀tún wo òsì, afárá ti tán. Ọjọ́ kejì tí Màmá dé ló ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ìlú yín yìí, níbo lẹ ti ń rí i?"

Ọmọ abẹ́ Olúmọ ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, Olúmọ ni àpáta ńlá tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 nígbà ogun, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe olórí wọn. Ibẹ̀ ni ìlú náà ti gba orúkọ: Abẹ́ òkúta. Bí èèyàn bá gùn ún dókè, gbogbo ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀: òrùlé páànù tó ti pọ́n, ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké, odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Lóde òní, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. Ìgbà àtúnṣe ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ ni. Ó ní bí wọ́n bá rán òun níṣẹ́ tí iṣẹ́ náà yá tán, òkè Olúmọ lòun máa ń sáré gùn láti lọ wo òrùlé ilé bàbá òun.

Báyìí, Màmá ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Orúnkún ò gbà á mọ́. Àtẹ̀gùn ilé wa gan-an, ó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gùn ún tán.

Ohun kejì tún wà tó ń dùn mí, n kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kì í bá Màmá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀, tó ti ní "Ẹ káàárọ̀, Mà," ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá gbọ́ náà ò ju ti ọjà lọ. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àga kan náà ní pálọ̀, ọ̀kan ń wo fóònù, èkejì ń wo ẹni tó ń wo fóònù. Oṣù Kẹjọ ni Màmá sì máa padà sílé.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì ní kí gbogbo wa kúkú tẹ̀ lé òun. Ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀fà máìlì lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ lọ, kó múra ọjọ́ méjì. Bàálù la wọ̀ ní tiwa, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe rí. Odò méjì, Allegheny àti Monongahela, ló pàdé láàárín ìlú tí wọ́n di odò kẹta, Ohio. Ẹ̀yin ará Kogí, ẹ ó ti mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tó bá ti dúró lórí Òkè Páàtí ní Lọ́kọ́ja, tó ti rí ibi tí odò Ọya àti Bénúè ti pàdé, ti rí ẹ̀gbọ́n Pittsburgh. Ní ẹ̀gbẹ́ kan odò Monongahela yìí ni òkè kan wà tó dúró ṣánṣán bí ògiri. Mount Washington ni wọ́n ń pè é báyìí. Nígbà àtijọ́, Coal Hill ni orúkọ rẹ̀, nítorí èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ irin àti ojú irin rélùwéè ló gba gbogbo etí odò. Níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ wá fẹ́ gbé? Orí òkè. Ní àárọ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí iná àti irin ti bọ́ gbogbo agbára lára wọn, wọ́n á tún fẹsẹ̀ gun òkè náà lọ sílé. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Jámánì. Àlejò ni wọ́n, bíi tiwa. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti wá, wọ́n ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Wọ́n rántí ohun ilé, wọ́n ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ síbí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń gbé èèyàn gun òkè náà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1870. Monongahela Incline ni wọ́n sọ ọ́. Ẹnjiníà ará Jámánì kan, John Endres, ló ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Caroline, sì bá a ṣe é. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ gbọ́ o: ọdún 1870, ọmọbìnrin ń bá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà! Caroline wá fẹ́ ẹnjiníà mìíràn, Samuel Diescher, tó wá láti ilẹ̀ Họ́ngárì. Diescher yìí ló ṣe èkejì, Duquesne Incline, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1877. Nígbà kan, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní Pittsburgh. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, tí wọ́n la títì gun orí òkè, wọ́n ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì yìí nìkan ló ṣẹ́ kù. Duquesne ni àwa wọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la lọ. Ọkọ̀ náà pupa, ó kéré, bí yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé yíká. Inú rẹ̀, igi ni, igi dáadáa tí wọ́n fín, tó ń dán, kò sì yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é láyé ọjọ́un. Èèyàn bíi méjìdínlógún lè wọ̀ ọ́. A fi Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí awakọ̀.

Ó ní, "Ta ló ń wà á?"

Mo ní, "Ẹni tó ń wà á wà lókè lọ́hùn-ún, Mà, nínú ilé."

"Lókè? Kí ló wá fẹ́ fà á?"

Kí n tó dáhùn, ọkọ̀ ti gbéra. Kò já wa gbà o. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa garawa omi láti inú kànga. Màmá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Títì ń lọ sílẹ̀, odò ń lọ sílẹ̀, àwọn ilé gíga òdìkejì odò ń yọrí sí wa díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi ọkùnrin ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ó ti ka bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti òtẹ́ẹ̀lì. Ó na ìka sókè, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, ní ìwọ̀nba tó gbọ́:

"Màmá Àgbà, ẹ wò ó. Ìyẹn ń wá sílẹ̀. Àwa ń lọ sókè. Okùn kan."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkọ̀ méjì ló wà, lórí ojú irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Okùn irin ló so àwọn méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kan náà nínú ilé tó wà lókè. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀kalẹ̀. Ìwúwo èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń ran èyí tó ń gòkè lọ́wọ́, ìyókù nìkan ló kù fún ẹ̀rọ láti fà. Èémí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1932, wọ́n sọ ọ́ di ti iná mànàmáná. Okùn ààbò tún wà, pé bí ọ̀kan bá já, kí òmíràn di ọkọ̀ mú. Ojú irin náà gùn tó ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀ bàtà, ó sì gbé wa gun irínwó ẹsẹ̀ bàtà sókè. Ìrìn náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní àárín méjì, ọkọ̀ kejì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ọmọ kan wà nínú rẹ̀, wọ́n ń juwọ́. Màmá náà juwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ máa rọra o!" Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní:

"Okùn kan! O gbọ́ Yorùbá, o sì ń fi ẹnu pamọ́ fún mi. Ó dáa, ó ti yé mi. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fa èyí tó ń gòkè. Bí èmi àti bàbá ẹ náà ṣe ṣe nìyẹn."

Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní kí ni Màmá Àgbà wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, báwo? Kí ló túmọ̀ sí?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó. Ìwé owó àwọn oníbàárà mi, bó ti wù kó pẹ́ tó, mo lè ṣí i fún yín lónìí: owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tọ́ ọmọ yìí, n kò ṣí ìwé tèmi fún un rí. Ó mọ̀ pé mo lọ sí yunifásítì. Kò mọ ẹni tó san owó rẹ̀.

Ọdún 1989 ni mo wọlé. Àsìkò tí a ń pè ní SAP ni, tí náírà ti já wálẹ̀, tí gbogbo nǹkan gbówó lérí. Màmá ní ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, ìsọ̀ tirẹ̀ gan-an, àwọn ọmọṣẹ́ méjì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó gbàwé ẹ̀rí, ó ti ta ọjà inú ìsọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ti gbé ìsọ̀ fún ẹlòmíràn, ó ti padà sí gbígbé aṣọ lé orí kiri àdúgbò. Obìnrin tó ti ń jókòó dúró de oníbàárà padà sí kíkiri. Ó sọ̀kalẹ̀, kí n lè gòkè. Mo mọ̀. Mo gbé e sínú, mo sì ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, mo rò pé ìyẹn tó. Ti èmi pàápàá, ọdún méjì tí mo fi ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lóru nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Dallas, tí ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí, n kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi rí. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rò pé òkè ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a ti ń rìn lọ síbi ìwòran lórí òkè ni Màmá ti sọ ìtàn náà, tí mo ń túmọ̀ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Níbi mìíràn, ohùn mi kò jáde dáadáa. Ìyàwó mi bá mi parí rẹ̀.

Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ. Màmá bá fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún un lórí ìrìn tí wọ́n fi ṣe ọgbà ibẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi okùn ìko di aṣọ ní kókó-kókó, tí à ń pè ní àdìrẹ oníko, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí aṣọ lára, tí à ń pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí wọ́n bá dì, tàbí tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ kùn, aró kò ní dé ibẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni ọ̀rọ̀ náà gbà, mo wo aago mi. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún rí.

Ẹ ó bi mí pé ìwòran ńkọ́? Ó dára púpọ̀! Láti ibi tí a dúró sí lójú ọ̀nà Grandview, a rí odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a rí ibi tí wọ́n ti pàdé, níbi tí omi kan ti ń tú sókè fùú láàárín ọgbà. A rí àwọn afárá aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí odò. A rí pápá eré bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkọ̀ ojú omi dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú tí iná fi tàn ní gbogbo ilé gíga, tí ìmọ́lẹ̀ wọn wà nínú omi. Màmá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ìrìn, ó ń bèèrè bí ọmọdé pé ilé ta nìyí, ilé ta nìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìlú téèyàn lè rí látòkè báyìí, èèyàn ò ní sọnù nínú rẹ̀."

Inú ilé ọkọ̀ tó wà lókè, wọ́n kó àwòrán àtijọ́ sára ògiri, bí ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èèyàn tún lè san kọ́ìnì díẹ̀ láti lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa okùn. Ẹ̀rọ àtilẹ̀wá náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́, igi ni eyín rẹ̀ sì jẹ́! Ibẹ̀ ni mo ti ka ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962, ọkọ̀ Duquesne yìí dúró. Ó nílò àtúnṣe ńlá, ilé iṣẹ́ tó ni ín kò sì rí owó rẹ̀. Bí àwọn yòókù ṣe kú nìyẹn, òun náà ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò Duquesne Heights tó wà lórí òkè náà kò gbà. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Wọ́n dá owó jọ, dọ́là kan, dọ́là méjì. Láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n rí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1963, ọkọ̀ náà tún gbéra. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa bójú tó o, ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, tí kì í ṣe fún èrè. Ẹgbẹ́ náà ló tọ́jú rẹ̀, tó tún inú rẹ̀ ṣe, tó sọ ilé òkè di ibi ìwòran. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn ará Pittsburgh náà mọ̀ ọ́n.

Mo ti ń bá owó ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ tipẹ́, mo sì mọ bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe. A máa ń rí owó fún ayẹyẹ, a máa ń rí owó fún aṣọ ẹbí. Kò burú. Ṣùgbọ́n okùn tó so àwa àti àwọn ọmọ wa àti àwọn òbí wa pọ̀, ta ló ń tún un ṣe? Èdè wa ni okùn náà, ìtàn wa ni okùn náà. Bí ó bá já, ọkọ̀ méjèèjì ló máa dúró: àgbà á wà nísàlẹ̀, ọmọ á wà lókè, wọn ò ní rí ara wọn mọ́. Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. A nílò ara wa lápá méjèèjì.

Mi ò ní kí ẹ dáwó o. Ohun tí mo ń tọrọ kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣí ìwé yín fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ ẹni tó sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó gòkè, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe tí ojú fi ń tì yín. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe dúró kí Yorùbá yín pé kí ẹ tó sọ ọ́. "Okùn kan" ni ọmọ mi sọ, ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì tó láti ṣí ẹnu ìyá àgbà. Kí ẹ sì rántí pé ìwúwo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nìkan kì í gbé ọkọ̀ dókè. Ẹ̀rọ náà ní láti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ yín nílé ìwé nìyẹn.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn díẹ̀. Ojú ọ̀nà West Carson ni ilé ọkọ̀ ìsàlẹ̀ wà. Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, kí ẹ lè rí ìlú lọ́sàn-án àti lóru lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ṣúwẹ́tà, atẹ́gùn wà lókè. Bí àgbà tí ẹ bá mú lọ bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn, Monongahela ni kí ẹ wọ̀, òun ló rọrùn fún wọn jù.

Bí ọ̀nà Pittsburgh bá jìn jù, irú ọkọ̀ yìí wà ní Chattanooga, ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi òkè Lookout Mountain, láti ọdún 1895. Ẹni tí kò bá lè kúrò nítòsí, ilé ìṣọ́ Reunion Tower ní Dallas wà níbẹ̀ láti ọdún 1978. Ó ga ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹ̀rọ agbéniròkè á sì gbé yín débi ìwòran ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tún lọ wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ní McKinney Avenue. Ọdún 1956 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Dallas. Ní ọdún 1989 àwọn olùfẹ́ ìlú tún jí i dìde lórí ojú irin tí wọ́n ti fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú àgbà kan dání, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń wọ̀ lọ sílé ìwé.

Màmá ti padà sílé. Gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, ọmọ mi máa ń gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ti lè sọ gbólóhùn mẹ́rin, márùn-ún. Èkejì rẹ̀ máa ń dàrú, Màmá á sì tún un ṣe. Bó bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, kò ní ó dàbọ̀ mọ́. Ó máa ń ní, "Okùn kan, Mà." Màmá náà á sì dáhùn láti Abẹ́òkúta pé, "Okùn kan, ọkọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ wa, àlọ́ o! Ìbejì méjì ń gbé lórí òkè kan náà. Bí ọ̀kan bá lọ sóko, èkejì á wálé. Àárín ọ̀nà nìkan ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Kí ni o? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá nígbà ìpàdé wa tó ń bọ̀. Màmá fi ọ̀já àdìrẹ kékeré méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ mi fún ẹni tó bá gbà á.